Òórùn Líle Kọ́ Ni Ìmọ́tótó

Bí ènìyàn bá rìn gba àdúgbò kan kọjá ní òwúrọ̀ Sátidé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn onílé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òórùn Izal a máa ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde, ti bílíìṣì a máa ti balùwẹ̀ jáde, ti ọṣẹ olómi olóòórùn dídùn a sì máa ti yàrá ìgbàlejò jáde. Bí òórùn náà bá ṣe le tó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń gbà pé ilé náà mọ́ tó. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣomi, tó sì ń wúkọ́ bó ṣe ń fọ táìlì, a máa fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé oògùn tó rà lọ́jà ń ṣiṣẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí ló yẹ kí àwùjọ Yorùbá tún gbé yẹ̀wò. Ilé lè mọ́ tónítóní láìrùn rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí ilé ni omi, ọṣẹ, eérú, ọsàn wẹ́wẹ́, oòrùn àti ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lè ṣẹ́gun. Oògùn líle ni bílíìṣì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ àìsàn ló sì yẹ kí wọ́n wà fún.

Ó ní ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, wolé-wolé a máa wọ agbo ilé, a máa yẹ inú ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, a sì máa bu owó ìtanràn lé ẹni tí àyíká rẹ̀ bá dọ̀tí. Ilé ìwòsàn àti ilé ìwé ìjọba a máa rùn fún oògùn apakòkòrò. Izal fúnra rẹ̀, nítòsí ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti ara ohun tí ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá sun èédú fún iṣẹ́ irin. Díẹ̀díẹ̀ ni òórùn náà di àmì ọ̀làjú àti àṣẹ ìjọba. Nígbà tí ìjọba ológun sì sọ ìmọ́tótó àyíká di dandan ní àwọn ọdún 1980, tí Sátidé ìparí oṣù di ọjọ́ tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ jáde wá tún àyíká ṣe, òórùn yìí tún bá a rìn. Ohun tí ìran kan kọ́ láti ọwọ́ ìbẹ̀rù ìtanràn, ìran tó tẹ̀ lé e gbà á bí àṣà.

Àjàkálẹ̀ àrùn tún wá fi kún un. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, àti nígbà tí Covid-19 dé ní ọdún 2020, ìgò bílíìṣì di ohun tí wọ́n ń dù lọ́jà. Ẹ̀rù tó ba àwọn ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú Covid ni pé ọṣẹ ni ohun ìjà tó sún mọ́ gbogbo ènìyàn jù. Kòkòrò tó ń fa àrùn náà ní èèpo tí a fi ọ̀rá ṣe, ọṣẹ a sì máa fọ́ èèpo náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ ṣe ń ṣe sí epo inú àwo: apá kan rẹ̀ a di ọ̀rá mú, apá kejì a di omi mú, omi a sì wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ. Kò sí òórùn líle nínú iṣẹ́ yìí. Fífi ọwọ́ ra nǹkan dáadáa àti ṣíṣàn án nù dáadáa ló ṣe iṣẹ́ náà.

Ewu tó wà nínú àṣejù kọ́kọ́ ń kan ẹni tó ń tún ilé ṣe. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Bergen ní orílẹ̀-èdè Norway gbé èsì iṣẹ́ kan jáde, èyí tí wọ́n fi tẹ̀ lé àwọn ènìyàn tó lé ní 6,000 fún nǹkan bí ọdún 20. Wọ́n rí i pé agbára ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin tó ń tún ilé ara wọn ṣe, àti ti àwọn tí ìtọ́jú ilé jẹ́ iṣẹ́ oojọ́ wọn, yára dín kù ju ti àwọn obìnrin tí kì í ṣe iṣẹ́ náà lọ. Wọ́n fi ìpalára tó bá àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun wé ti ẹni tó ti ń mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Norway ni wọn, níbi tí fèrèsé fẹ̀, tí ìkìlọ̀ sì wà lára ìgò ní èdè tí gbogbo ènìyàn ń kà. Ní balùwẹ̀ ilé onípálọ̀-ẹyọ-kan ní Mushin tàbí Bẹẹrẹ, fèrèsé lè má fẹ̀ ju ìwé àjákọ lọ, ẹni tó sì ń fọ ibẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ọlọ́dún méjìlá tí ẹnikẹ́ni kò bi pé kí ló dé tó ń wúkọ́.

Ewu tó burú ju ìyẹn lọ wà nínú àdàlù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí oògùn kan bá dára, méjì pọ̀ yóò dára jù. Wọ́n á da bílíìṣì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á tún da oògùn ìfọlé-ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì lé e lórí. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ ni chlorine, afẹ́fẹ́ kan náà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Bí bílíìṣì bá pàdé ammonia tó wà nínú àwọn ọṣẹ ìnu-gíláàsì kan, tàbí tí ó bá pàdé ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, èéfín olóró mìíràn ni yóò jáde. Kódà ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà, tí wọn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára bí wọ́n bá dá wà, kò gbọ́dọ̀ kan bílíìṣì, nítorí ásíìdì ni àwọn náà. Ofin tó yẹ kí gbogbo ilé há sórí kò gùn: omi nìkan ni kí a fi po bílíìṣì, omi tútù sì ni.

Àwọn ọmọdé ni ọ̀ràn náà kàn jù. Ní ọjà púpọ̀, inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi ni wọ́n ń rọ ọṣẹ olómi, Izal àti bílíìṣì tí wọ́n ń tà ní wẹ́wẹ́ sí. Kò sí orúkọ lára ìgò náà, kò sí ìkìlọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jọ ti ohun mímu. Ọmọ ọdún méjì tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní béèrè. Kọ́sítíkì sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ nílé ń lò burú ju gbogbo wọn lọ: bí ọmọdé bá gbé e mì, a máa jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ débi pé ọgbẹ́ náà, nígbà tó bá jinná, a máa fún ọ̀nà náà pọ̀, oúnjẹ kò sì ní lè kọjá. Àwọn dókítà ọmọdé ní ilẹ̀ wa mọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Orí pẹpẹ náà ni kí gbogbo ìgò bẹ́ẹ̀ wà, nínú ìgò tí wọ́n fi tà á láti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ ní dídì pa.

Ohun tí wọ́n dà nù náà kì í parẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá ni kò ní ọ̀nà ìdọ̀tí tí ìjọba là. Inú sọ́kàwéè ni omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ, inú gọ́tà sì ni omi ìfọṣọ ń gbà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ìgbẹ́ inú sọ́kàwéè, àwọn ni kì í jẹ́ kó tètè kún. Ẹni tó bá ń da Izal àti bílíìṣì púpọ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́ ń pa àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gba owó oṣù wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n bá kú, kòtò náà a tètè kún, òórùn burúkú a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde; onílé a tún lọ ra Izal sí i láti fi lé òórùn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń fi owó ara rẹ̀ pe ohun tó ń lé.

Kò sì dúró sí ilé ẹnìkan. Ní agbo ilé tí kànga àti sọ́kàwéè kò ti jìnnà síra, ohun tí aládùúgbò dà sílẹ̀ lónìí lè bá omi ìdáná ẹlòmíràn pàdé lọ́la. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èyí tó bá gba gọ́tà lọ a dé odò àti ọ̀sà. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń bo ojú ọ̀sà Èkó, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, láti ọ̀nà omi Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló ti wọ Badagry ní ọdún 1984. Ohun tó ń jẹ tó fi ń gbilẹ̀ ni ajílẹ̀ inú omi: ìgbẹ́, ajílẹ̀ oko, àti phosphate láti inú àwọn ọṣẹ oníyẹ̀fun tó bá ní in. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òfin dín phosphate kù nínú ọṣẹ ìfọṣọ láti ọdún 2013. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ há sínú ewéko náà kò mọ ẹni tó fọ aṣọ ní Agége, ṣùgbọ́n ọ̀ràn wọn ti so pọ̀.

Kí ni ẹ̀dá yóò wá lò? Ìdáhùn náà kò jìnnà sí ilé ìdáná. Ọṣẹ dúdú ni Yorùbá ń lò kí ọṣẹ òyìnbó tó dé. Wọ́n a sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà di eérú, wọ́n a rọ omi sí eérú náà, wọ́n a sẹ́ ẹ, wọ́n a sì se omi eérú náà pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di. Àwọn ará Ghana ń pè é ní alata samina; Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn oníṣòwò tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Lónìí, wọ́n ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York fún àwọn tó ń sá fún kẹ́míkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbà pé ọṣẹ babaláwo nìkan ni. Ọṣẹ kan náà, tí a bá rẹ́ díẹ̀ sínú omi gbígbóná, a máa nu ilẹ̀, a máa fọ àwo, a sì máa yọ epo kúrò lára ògiri ilé ìdáná.

Kán-ún náà wà níbẹ̀. Òkúta tí ìyálé ilé ń jù sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀ jẹ́ ìbátan sódà tí àwọn òyìnbó fi ń tún ilé ṣe. Ohun kan náà tó wà nínú sódà yẹn wà nínú rẹ̀. Bí a bá yọ́ ọ nínú omi gbígbóná, a máa gé ọ̀rá kúrò lára ààrò àti ibi ìfọ-àwo. Ìkòkò alumíníọ̀mù nìkan ni kò yẹ kó pẹ́ nínú rẹ̀, nítorí yóò dú. Ewé ìpín, tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán ère, tí àwọn ìyá wa sì fi ń ha igbá, a máa ha ìdí ìkòkò tó ti jóná. Eérú tútù àti kànìnkànìn ìbílẹ̀ a máa ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Kànìnkànìn oníke tí gbogbo ilé ń lò báyìí a máa já wẹ́wẹ́ sínú omi tí a dà nù. Ti ìbílẹ̀, tí ó jẹ́ fọ́nrán igi, a máa jẹrà padà sínú ilẹ̀.

Fún ìpẹtẹ̀ funfun tó máa ń dì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi àti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ásíìdì ló ń yọ ọ́, kì í ṣe bílíìṣì. Bílíìṣì a kàn sọ ọ́ di funfun, yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà tí a dà sí i ní alẹ́, tí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ní òwúrọ̀, a máa tú u. Omi ọsàn díẹ̀ nínú omi púpọ̀, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí wọ́n ti kà tán, a máa nu gíláàsì fèrèsé débi tí yóò fi máa dán. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, tí wọ́n fi omi ọsàn pa lójú àbàwọ́n, tí wọ́n sì sá sínú oòrùn ọ̀sán, kò nílò bílíìṣì. Oòrùn náà a máa gbẹ ọ̀rinrin tí èbu fi ń hù lára tìmùtìmù àti ẹní. Igbálẹ̀ ọ̀wá ọ̀pẹ, omi tí a kọ́kọ́ wọ́n sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, àti fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni yóò parí èyí tó kù.

Òótọ́ ni pé ohun tó ti inú igbó wá náà lè pani lára. Omi eérú tó ki a máa bó ọwọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ a máa jẹ ilẹ̀ tẹrásò àti òkúta mábù, nítorí náà kì í ṣe fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń kọ́ni pé kí a da fínígà àti sódà pọ̀ kí wọ́n lè hó. Híhó yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n ásíìdì àti sódà a máa pa agbára ara wọn, ohun tó kù kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju omi iyọ̀ lọ. Ẹni tó bá lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò jèrè wọn.

Òótọ́ tó tún lágbára jù ni pé ọjọ́ kan wà tí bílíìṣì kò ní arọ́pò. Nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan kò tó fún ilé tí aláìsàn ti ń bì, tó sì ń yàgbẹ́. Ilé bẹ́ẹ̀ nílò bílíìṣì. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an, ìmọ̀ ló yẹ kó ṣáájú òórùn. Bílíìṣì kì í ṣe ọṣẹ. Ìdọ̀tí tó bá pàdé a máa gbé agbára rẹ̀ mì kó tó dé ara kòkòrò. Nítorí náà ọṣẹ àti omi ni yóò kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí kúrò, lẹ́yìn náà ni bílíìṣì tí a fi omi tútù là yóò kan ibẹ̀, tí wọn yóò sì jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó ṣàn án. Èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí tábìlì ọjà ti pàdánù púpọ̀ nínú agbára rẹ̀, bó ti wù kó rùn tó. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ láìnídìí, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́jọ́ àìsàn, ti na owó rẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Kò tọ́ kí gbogbo ẹrù náà wà lórí ìyálé ilé nìkan. Àjọ NAFDAC fi hàn ní ọdún 2019 pé ìjọba lè gbé ìgbésẹ̀, nígbà tó fòfin de àwọn ìgò kékeré dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí àwọn ènìyàn ti ń fi ṣe ara wọn ní jàǹbá. Ohun tó kù láti ṣe kò le tó ìyẹn. Kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bílíìṣì àti oògùn ìfọlé-ìgbọ̀nsẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sára ìgò wọn ní Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, ní lẹ́tà tí ojú lè rí, pẹ̀lú àwòrán tí ẹni tí kò mọ̀wé lè lóye. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ tajà, Yorùbá ni wọ́n fi ń polówó lórí rédíò. Kò yẹ kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn yóò fi kìlọ̀. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà fòpin sí rírọ oògùn sínú ìgò ohun mímu. Kí àwọn olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fi bí a ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú, àti ìdí tó fi ń fọ nǹkan mọ́, kọ́ àwọn ọmọ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n má baà dàgbà pẹ̀lú èrò pé inú ìgò oníke nìkan ni ìmọ́tótó ti ń wá.

Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ba ilé jẹ́. Onílé ni kò ní gbà fún un. Ọjà yóò máa ta òórùn níwọ̀n ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń fi òórùn wọn ìmọ́tótó. Ó tó àkókò kí wọ́n máa fi ohun mìíràn wọ̀n ọ́n: táìlì tí ọwọ́ kàn tí kò yọ̀, àwo tí kò ní ọ̀rá, ọmọ tó ń sùn láìwúkọ́, àti kànga tí omi rẹ̀ ṣe é mu fún ẹni tó wà lódì kejì ògiri.